Ọmọ Àgùdà Tó Ṣìlé

Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ló kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọkùnrin náà nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti mọ́ tónítóní, abẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bernice tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Òjò ti pa á láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gbá nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé bí ọmọ jòjòló mọ́ àyà.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé jọ̀ọ́!" ni ọkùnrin náà ń wí. "Ẹ má jẹ́ kí òjò pa ọmọ."

"Kì í ṣe ọmọ, sà. Màríà ni."

"Orúkọ rẹ̀ dáa. Ẹ tètè gbé Màríà wọlé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bernice, ó gbé e mì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì tú aṣọ funfun náà. Nígbà tí ọkùnrin náà rí ère Màríà, pẹ̀lú aṣọ búlúù àti ọwọ́ méjèèjì tó tẹ́, ó wo ère, ó wo Bernice, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ọṣẹ ẹnu rẹ̀.

Ọdún 1978 nìyẹn. Àwọn oníjó àti eléré tó wá ṣe àjọ̀dún ńlá ti kó lọ ní Fẹ́sítáàkì, ìjọba ti pín àwọn ilé wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kálukú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó dé ni, kò sí ẹni tó mọ ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa. Ìjọ Kátólíìkì tí Bernice ń lọ kò tíì ní ilé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n ti ń ṣe Máàsì, wọn á gbé bẹ́ǹṣì sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọn á sì kó o kúrò kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí wọ́n ní tó jẹ́ tiwọn ni ère Màríà yẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn Máàsì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Màríà á gbé e lọ sílé ìdílé kan, ibẹ̀ ni á máa gbé títí di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á wá ka rósárì níwájú rẹ̀.

Ìyá Rosaline ló kàn lọ́sẹ̀ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àdúgbò, Bernice kò sì tíì fojú kàn án rí. Àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ fún un: ojúlé kẹjọ, C Close, 21 Road. Ẹni tó bá mọ Fẹ́sítáàkì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. C Close wà ní 21 Road, ó wà ní 22 Road, àwọn ilé ibẹ̀ sì jọra bí ìbejì. Nínú òjò yẹn, 22 Road ni Bernice yà sí.

"Ojúlé kẹjọ, C Close nìyí, àbí?" ló béèrè.

"Òun ni." Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

"Mama ńkọ́?"

"Mama lọ sí Abẹ́òkúta. Ó di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ kí wọ́n tó dé." Òótọ́ nìyẹn náà.

Bernice rò pé àbúrò Ìyá Rosaline ni. Ó gbé ère náà ka orí tẹlifíṣọ̀n, ó tan àbẹ́là, ó sì kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Àmín" tó ń ṣe kò bọ́ síbi tó yẹ rárá. Bernice sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

Orúkọ rẹ̀ ni Olúgbóyèga Fọláránmi. Ó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bernice dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá mẹ́rin láti ẹgbẹ́, wọ́n á sì bá ilé ní gbígbá, òdòdó á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà. Nígbà tó fi di ọjọ́rú, ó ti mọ ìdáhùn rósárì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó sin Bernice dé ìkóríta.

"Mi ò rí yín ní Máàsì rí, Bọ̀dá Gbóyèga."

"Ẹ máa rí mi."

"Ìgbà wo?"

"Ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì yín."

Bernice fi ìwé àdúrà rẹ̀ bo ẹnu. Tíṣà ni ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tètè ń wọ̀ létí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí odi.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bí Fadá Clement ṣe ń múra láti ka ìkéde, obìnrin kan dìde láàárín ìjọ.

"Fadá, ẹ dákun. Èmi ni Ìyá Rosaline. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tọ́jú ilé de Màríà. Mo ra àbẹ́là, mo tẹ́ aṣọ. Màríà kò yọjú. Ṣé torí pé a jẹ́ àjèjì ni?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Bernice. Ìtìjú bò ó débi pé kò mọ bó ṣe jáde. Ó sáré dé 22 Road, ó sì bá ìyá àgbà kan nínú yàrá, gèlè ìrìn-àjò ṣì wà lórí rẹ̀, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ló gbé òrìṣà Àgùdà sórí tẹlifíṣọ̀n mi?"

Bernice kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ma. Èmi ni. Mo ṣìlé ni." Ó gbé ère rẹ̀, ó sì jáde. Gbóyèga sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ mọ̀!" Bernice kò lè mú ohùn rẹ̀ dúró. "Ẹ mọ̀ pé mo ṣìlé!"

"Látìgbà tó o ti tan àbẹ́là ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, o máa gbé Màríà lọ. Ìwọ náà á sì bá a lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe fẹ́ lọ, ìbínú rẹ̀ sì tún pọ̀ sí i nítorí ẹ̀. "Ẹ fi Ìyá Ọlọ́run tàn mí wá sílé yín," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Bernice dé gbọ̀ngàn láàárọ̀ kùtùkùtù, ó bá Gbóyèga níbi tó ti ń gbé bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ìjọ, òógùn bò ó. Bí Máàsì ṣe parí, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Rosaline.

"Àlejò yín ni Màríà, ma. Èmi ni mo jí i gbé."

Ìyá Rosaline wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé Màríà lo jí gbé ni, àbí ẹni tó gbé e wá?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bernice náà rẹ́rìn-ín, ìbínú rẹ̀ sì tán síbẹ̀.

Látọjọ́ náà, Gbóyèga kò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Á wá gbé bẹ́ǹṣì, á gbọ́ Máàsì àkọ́kọ́, á sì sáré padà sílé láti mú ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwọn ní aago mẹ́wàá. Oṣù kẹjọ tí wọ́n ti ń fẹ́ra ló sọ ọ́, lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tán.

"Bernice, fẹ́ mi."

"Ṣé o ò ní tún fi nǹkan kan pamọ́ fún mi?"

"Olólùfẹ́ mi, kò ku ẹyọ kan."

"Mo gbà," ni Bernice wí.

Bàbá Bernice, Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi, kò janpata, kí wọ́n ṣáà ti ṣe ìgbéyàwó náà níwájú Fadá. Ọ̀dọ̀ Mama Gbóyèga ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ọkọ Mama tó ti kú ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún ogún ọdún. Mama gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tán, ó ní, "Bó o bá fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dọ̀ Àgùdà, máa lọ. Mi ò ní débẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ mi sí ohunkóhun."

"Ká ṣáà ṣe é," ni Gbóyèga wí fún Bernice. "Tó bá yá, Mama á gbà."

"Rárá o. Ìwọ nìkan ni wọ́n bí. Tí Mama ò bá jókòó níwájú, mi ò ní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbi pẹpẹ."

Fadá Clement ló là wọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi kéde ìgbéyàwó, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ná. Bí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta tí Mama kò tíì gbà, wọn á dá a dúró.

Bernice ronú sí i. "Gbóyèga, kí ló ń ba Mama lẹ́rù gan-an?"

"Àtìgbà tí Bàbá ti kú, èmi ni mo ń jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, wọ́n á dá jókòó. Mo rò pé wọ́n gbà pé o máa gbà mí lọ pátápátá."

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Fadá kà á: "Olúgbóyèga, ọmọ olóògbé Fọláránmi, àti Bernice, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Ọbáfẹ́mi." Ó dun Bernice bí wọ́n ṣe fo ìyá ọkọ rẹ̀ dá bí ẹni tí kò sí láyé. Lẹ́yìn Máàsì, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Fadá, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mama. Gbóyèga wà lọ́tùn-ún Mama. Bernice jókòó sósì.

"Ṣé àwọn Àgùdà ti lé ọ ni?" ni Mama béèrè láìwo ojú rẹ̀.

"Rárá, ma. Mo ti gbọ́ Máàsì tèmi láàárọ̀. Mo wá jókòó tì yín ni."

Mama gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ló sì wà títí ìsìn fi parí.

Lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ gbé Gbóyèga lọ sí Kàdúná. Bernice dé bá Mama níbi tí òun nìkan jókòó sí, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pe orin, Mama wá gíláàsì rẹ̀ títí, kò rí i. Bernice sún mọ́ ọn, ó ṣí ìwé orin, ó sì ń rọra ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí kí wọ́n tó kọ ọ́.

"Ohùn rẹ ò dáa fún orin," ni Mama wí nígbà tí wọ́n jáde.

"Ẹ ṣeun, ma."

"Ṣùgbọ́n o mọ̀wé kà." Mama rìn díẹ̀, ó dúró. "Ká ní o fẹ́ ọmọ mi tán. Ọjọ́ Ìsinmi mélòó lo máa wá jókòó tì mí?"

"Gbogbo ẹ̀, ma. Àyàfi tẹ́ ẹ bá lé mi."

Mama wọ ọkọ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta dé. Gbóyèga ti darí dé, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Mama ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rárá," ló wí, ó sì kọjú sí bẹ́ǹṣì. Bernice kúnlẹ̀ gbọ́ Máàsì náà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí Fadá wàásù lé lórí. Bí wọ́n bá ka ìkéde yìí tán, ó ti parí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

Bí Fadá ṣe mú ìwé ìkéde ni Mama wọlé látẹ̀yìn, nínú aṣọ funfun ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Fadá kà á tán. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́.

"Mo ní ẹ̀sùn," ni Mama wí.

Bernice di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì mú.

"Èmi ni ìyá ọmọkùnrin náà. Ẹ pe bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ẹ pe bàbá ọmọbìnrin, ẹ pe ìyá rẹ̀. Ẹ ò pe èmi tí mo gbé e sínú fún oṣù mẹ́sàn-án. Ṣé inú igbó ni mo ti he é ni?"

"Mama," ni Fadá fi pẹ̀lẹ́ wí, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí a má fi orúkọ yín sí i."

"Mo sọ ọ́. Inú ló ń bí mi nígbà yẹn. Ẹ fi sí i báyìí."

Fadá yọ bírò. "Orúkọ yín, Mama?"

"Adébùnmí Fọláránmi. Áńgílíkà. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i, kí wọ́n má baà rò pé mo ti yí padà."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Fadá kọ ọ́, ó sì tún ìkéde náà kà látòkè: Olúgbóyèga, ọmọ olóògbé Fọláránmi àti Ìyáàfin Adébùnmí Fọláránmi. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Mama ti ṣe "Àmín" tó gba gbogbo ilé. Gbóyèga ń sunkún níwájú gbogbo ìjọ, kò sì fi pamọ́.

Mama kò wò ó. Bernice ló na ọwọ́ sí.

"Ìyàwó mi, dìde ńlẹ̀. Ìwọ ti gbọ́ Máàsì tìrẹ. Jẹ́ ká lọ gbọ́ tèmi."