Ìfẹ́ Tó Ti Ìparí Bẹ̀rẹ̀

Orúnkún ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ lórí àga kékeré tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí ní láíbìrì Peckham nílùú òyìnbó. Ràfíátù tó ń pàlọ́ òkété fún àwọn ọmọ ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Nasrullah lorúkọ ọkùnrin náà. Ó wá fi kámẹ́rà ya àlọ́ ọ̀hún ni. Ló bá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

“Aunty, kí ló dé tí ẹ ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òkété ti já sí kòtò? Nínú fíìmù, ibẹ̀ gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀.”

“Àlọ́ nìyí, bọ̀dá. Bí mo bá tètè jù ú sí kòtò, ta ni yóò bá mi gbe orin?”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ojú ti Nasrullah, ó dìde. Àga náà há mọ́ ọn nídìí, ó bá a dìde.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn ibi tó yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kiri àdúgbò Peckham Rye nìyẹn. Kí iyàn ó tó tán, ìfẹ́ ti jókòó sáàárín wọn.

Ṣùgbọ́n Alhaji Làtíìfù, bàbá Ràfíátù, ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun. Ràfíátù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí Nasrullah wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ó yá, sọ tẹnu ẹ,” ni Alhaji wí.

“Daddy, ọmọ yín ti di ìyàwó mi, a sì ti bímọ mẹ́ta.”

Fìlà Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. “Ta ló so yìgì yín?”

“Kò tíì ṣẹlẹ̀, sà. Ìparí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Flash-forward ni.”

“Flash kí ni? Jáde nílé mi.”

Ọwọ́ Nasrullah ti kan ilẹ̀kùn kí Ràfíátù tó kúnlẹ̀. “Ààlọ́ o.”

“Ààlọ̀,” ni Alhaji dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ti gbà á kó tó rántí pé òun ń bínú.

Ràfíátù bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àga láíbìrì. Nígbà tí àga dìde, Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pa á dé ibi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń wojú bàbá ìyàwó. Ó wá dákẹ́.

Alhaji dúró, dúró. “Ó wá ṣe?”

“Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú eré rédíò tí ẹ máa ń gbọ́ nìyẹn, Daddy? Ibi tó bá ti dùn ni wọ́n ń dá a dúró. Ẹnu yín ni ìyókù wà.”

Alhaji wo ọmọ rẹ̀, ó wo Nasrullah.

“Ọmọ mélòó lo ní ẹ bí?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Ó kéré. Wá jókòó, ká mú ọjọ́ yìgì.” Ó na ọwọ́ sí àga. “Má gbé ìyẹn dìde o.”