Àtàǹpàkò Màbrúkà

Màbrúkà jí ní kùtùkùtù. Lónìí, ó máa bá Bàbá àgbà lọ sójú òkun.

Bọ̀ọ̀dá Búráwì náà bá wọn lọ. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ kékeré náà.

Wọ́n fa àwọn ìkòkò amọ̀ jáde nínú òkun. Ìkòkò ni wọ́n fi ń mú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré nídìí, kí omi lè jò jáde.

Lónìí, gbogbo rẹ̀ ṣófo.

Gbàgà! Ọkọ̀ kọlu òkúta. Pákó kan là. Omi ń wọlé. Ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ariwo kì í gbọ́n omi. Ibi tí wọ́n wà jìn, ṣùgbọ́n nítòsí ilé, omi kò ju orúnkún lọ. Bí wọ́n bá lè débẹ̀, ọkọ̀ kò ní rì.

Bàbá àgbà ti ọ̀pá bọ omi láti wo bó ṣe jìn tó. Ọ̀pá kò kan ilẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Búráwì fi garawa gbọ́n omi. Ṣàà! Ṣàà! Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkun gbé e mì.

Màbrúkà gbé ìkòkò kan. Ó bu omi. Omi jò tán.

"Ajẹ̀rẹ̀ lo fi ń gbọ́n omi yẹn o," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Omi ti dé kókósẹ̀ Màbrúkà. Ọ̀pá kò kan ilẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ihò ìkòkò náà. Ó tóbi jù. Màbrúkà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ṣe rẹ́gí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa wa ọkọ̀. Èmi á máa gbọ́n."

Màbrúkà ń gbọ́n, ṣàà. Bọ̀ọ̀dá ń wà á, ṣùà. Ọ̀pá kò kan ilẹ̀.

Ṣàà, ṣùà. Ṣàà, ṣùà. Ọ̀pá kò kan ilẹ̀.

Ṣàà, ṣùà. Gbì!

"Ó kan ilẹ̀," ni Bàbá àgbà wí.

Ọkọ̀ rọra jókòó sórí yanrìn. Bàbá àgbà bọ́ sílẹ̀. Omi mu ún dé orúnkún. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà pupa rẹ̀ fi bọ́.

Wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á tún pákó rẹ̀ ṣe lọ́la. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò Màbrúkà kò jáde nínú ihò.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fọ́ ìkòkò náà. Bàbá àgbà kọ̀. A kì í fọ́ ìkòkò tó gba ọkọ̀ là.

Màmá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè ohun tí ìkòkò mú lónìí.

"Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni," ni Bọ̀ọ̀dá fèsì. "Ebi sì ń pa á."

Màmá àgbà da òróró ólífì sí ihò náà. Ó fà á. Pọ̀!

Ìkòkò kò fọ́. Àtàǹpàkò kò fọ́.

Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ méjì jẹ kúsíkúsì àwo méjì. Ó tún ní kí wọ́n bù sí i.