Omíkan Ìyá Àsíátù

"Ìyá mi, omi mi dà?"

Àsíátù dúró ti ìkòkò ògì, igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi Ọmọ́wùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé omi inú ìkòkò náà ti mọ́ lóló.

"Mo ti dà á nù," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ti kan jù. Ta ni yóò ra ògì tó kan báyẹn?"

Ìyá náà kò jẹ̀bi. Ojoojúmọ́ ni ológì ń pààrọ̀ omi orí ògì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àsíátù ti fi ń tọ́jú ìkòkò yẹn kí omi rẹ̀ lè kan dáadáa, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọdún 1982 ni, a wà ní kíláàsì kẹrin ní Òtù. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, olùkọ́ wa, ti sọ pé ásíìdì tó wúlò fún awọ ṣíṣe ń bẹ nínú omíkan tí àwọn ìyá wa ń dà nù. Bí a bá da èèpo ẹyin tí a lọ̀ kúnná sí i, yóò hó. Bí a bá wá sẹ́ ẹ, tí a sè é títí omi fi gbẹ, ìyẹ̀fun funfun ni yóò kù, inú rẹ̀ ni ásíìdì náà fara pa mọ́ sí. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa ni yóò ṣojú wa níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Ìbàdàn. Bàbá Àsíátù sì ti búra pé bí ọmọ òun kò bá rí nǹkan gidi fi hàn lọ́dún yìí, yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ wá jókòó ti ògì.

Ọ̀túnla ni olùyẹ̀wò tí yóò yan ẹni náà ń bọ̀.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ni mo wí. "Lọ álọ́ọ̀mù kúnná, funfun náà ni. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn."

Ó wò mí. "Bí mo bá fi álọ́ọ̀mù borí, kí ni mo mọ̀?"

Ló bá gbé garawa, ó ń ti ọ̀dọ̀ ológì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omíkan yín nù."

"Àgbo ta lo fẹ́ fi sè?" ni Ìyá Ràsáàkì, ọ̀kan nínú wọn, bi í. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìgò tèmi kún, ó ń dán. Ti Àsíátù kò ju ṣíbí kan lọ, ó sì pọ́n díẹ̀. Olùyẹ̀wò yin tèmi. Ó wá fi ìka kan án, ó tọ́ ọ lá, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ta ni kò mọ bí álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi odò tòrò ṣe ń rí lẹ́nu?

"Ó dára," ni ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣe é lójú mi."

Èmi kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àsíátù da èèpo ẹyin sínú omíkan, ó hó yaa títí ó fi kún dé etí abọ́, ó sì ń ṣàlàyé bí ẹni ń ka orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n orí mi wú fún un. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò lo ọjọ́ mẹ́ta.

Àsíátù ló lọ sí Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù dé ibùdókọ̀. Ìyá rẹ̀ sì ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ nílé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pààrọ̀ omi rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe, bó ti wù kó kéré tó, ojú kò ní tì yín bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe.