Eérún Igi Lábẹ́ Àpótí

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Hovdal, abúlé kan ní ilẹ̀ òtútù lókè òkun, ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín òkè méjì, ní ìgbà òtútù ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Àpótí náà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn kì í wà ní títì lọ́sàn-án. Ẹni tó bá ní etí lè lọ gbọ́.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jẹ́ Ragnfrid. Ogójì ọdún ló fi dúró nídìí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ẹlẹ́tà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ti di opó. Kò bímọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń hun ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí oòrùn wà. Iṣẹ́ igi ni Ragnfrid gbájú mọ́ ní tirẹ̀. Ó ń ṣe é bí àwọn tó ti kú láti ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn ti ṣe é: kò sí iná mànàmáná, kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù. Àáké, ọ̀bẹ, òòlù onígi, àti sùúrù.

"Ayùn oníná wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ragnfrid," àwọn aládùúgbò á ní.

"Kí ẹni tó ń kánjú lọ rà á."

Ilé Oddvar wà nísàlẹ̀ ọgbà rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Oddvar kú, ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Kò jẹun, kò fá irùngbọ̀n. Ragnfrid gbé ọbẹ̀ ẹja lọ bá a lọ́jọ́ kìíní. Ó gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, àáké ló gbé lọ.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe?"

"Dìde. Igi wà nílẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá, gbogbo Sátidé, nínú abà Ragnfrid. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń di àáké mú. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi èèkàn onígi so pákó méjì pọ̀ tí omi kò fi ní ráyè wọ àárín wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọfí, búrẹ́dì, wàràkàṣì pupa, eérún igi lórí orúnkún. Ẹni tó bá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá òmíràn.

Ó wá di pé àpótí àtijọ́ tí wọ́n ń kó aṣọ ìsìn sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì jẹrà. Pásítọ̀ bẹ Ragnfrid pé kó bá wọn ṣe irú rẹ̀. Ìgbà òtútù mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó fi ègé irin la igi páìnì kan sí méjì, ó fi àáké gbẹ́ ẹ, ó fi ọ̀bẹ fá a. Kò fi han ẹnikẹ́ni àfi Oddvar.

"Mi ò lọ́mọ, Oddvar," ó wí lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdérí náà. "Bí mo bá lọ, èyí ló máa ṣẹ́kù."

Oddvar mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó máa pẹ́ ju ọmọ lọ."

Ohun kan wà tí Oddvar pàápàá kò mọ̀. Lábẹ́ ọ̀pá ìdábùú ìdérí, níbi tí ojú kò lè tó àfi téèyàn bá yọ èèkàn, Ragnfrid gé àmì kékeré kan síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àmì tirẹ̀ ni.

Ó ku kó fi ọ̀dà pa á ni èjìká rẹ̀ ọ̀tún bá yẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú ńlá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò níbẹ̀.

"Má mikàn," Oddvar sọ fún un lórí fóònù. "Màá kùn ún. Màá gbé e lọ fún wọn."

"Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ọjọ́ Àìkú tó padà dé ni wọ́n ń ya àpótí náà sí mímọ́. Ó jókòó sẹ́yìn, apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé ìdérí náà.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Oddvar, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá yìí."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Oddvar dìde. Ó tẹ orí ba. Kò wo ẹ̀yìn.

Ragnfrid náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó yá ló fi ń lu itan. Kò mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí ìsìn parí, ó lọ wo iwájú àpótí náà. Ẹnìkan ti fi irin gbígbóná jó lẹ́tà O sí i lára, nínú ìlà onígun mẹ́rin, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó bá Oddvar nílé lọ́jọ́ kejì.

"Jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ se kọfí."

"Àpótí mi, Oddvar."

Ó da kọfí sí ife.

"A jọ ṣe é ni."

"Ta ló la igi? Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Èjìká rẹ ti bàjẹ́ tipẹ́, Ragnfrid. Gbogbo Hovdal ló mọ̀. Ta ló máa gbà pé ọwọ́ yẹn ló gbé irú pákó yẹn?"

Ìgbà yẹn ló tó wò ó lójú. Ojú náà kì í ṣe ojú olè. Ojú ẹni tó ti gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́ ni. Ragnfrid fi kọfí sílẹ̀, ó jáde. Ẹni tó mọ ilé ẹni ní í mọ ibi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí.

Ó sọ fún ẹni méjì. Àwọn méjèèjì wò ó tàánútàánú. Ó gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ìlara ni, pé opó tó dá wà máa ń ro ohun tí kò sí. Ó ti abà rẹ̀ pa. Kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Oṣù kọkànlá ń parí lọ nígbà tí Gjertrud wá. Gjertrud ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í ṣe àbẹ̀wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín lórí fìlà rẹ̀.

"Ẹ dákun, ṣé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Rárá. Kí ló dé?"

Ó gbé àpò ìwé kan sórí tábìlì. Eérún igi ló kún inú rẹ̀, gígùn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ká bí irun ọmọ.

"Abẹ́ àpótí yẹn ni mo ti gbá a. Lánàá náà. Níjẹta náà. Mo ń tilẹ̀kùn lálẹ́, mo ń gbá a, ó ń padà."

Ragnfrid gbé e sí imú. Òórùn oje igi ta á nímú, tútù yọ̀yọ̀, bí igi tí wọ́n gé láàárọ̀ yẹn. Igi tí òun lò ti gbẹ láti ọdún mẹ́rin.

"Mú mi lọ," ó wí.

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n débẹ̀. Ní àkókò yẹn nínú ọdún, oòrùn kì í gun òkè Hovdal. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé láti ojú fèrèsé rí bí eérú. Òtútù ń ti inú òkúta ògiri bọ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń wo àpótí náà. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó pẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n tan àbẹ́là," Gjertrud wí. Ó yíjú sí pẹpẹ. Ragnfrid fi ojú tẹ̀lé ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣéééé.

Ọ̀bẹ lára igi. Ragnfrid mọ ohùn yẹn bó ṣe mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ó yíjú padà kíá. Ohùn náà dúró. Lórí ilẹ̀, níwájú àpótí, eérún kan wà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń mì.

Ìṣáná jó Gjertrud lọ́wọ́. Kò kígbe.

Ragnfrid kúnlẹ̀. Lẹ́tà O tí Oddvar jó síbẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Apá òsì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti fá a dànù, díẹ̀díẹ̀, lọ́nà tó mọ́.

Inú Ragnfrid dùn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tí wọ́n dá láre. Ó ní igi mọ ọwọ́ tó gbẹ́ òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń lọ. Á jókòó, á kọjú sí ògiri kí iṣẹ́ lè máa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, O ti tán. Ojú igi náà ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Gjertrud sọ fún pásítọ̀. Pásítọ̀ pe Oddvar. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí àpótí ká ní ọ̀sán gangan.

"Ta ló fá a?" Oddvar bi wọ́n. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́," Ragnfrid dá a lóhùn. Ó kọjú sí pásítọ̀. "Ẹ yọ èèkàn abẹ́ ìdérí. Ẹ wo ibẹ̀. Ìlà mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Èmi ni mo gé e."

Oddvar na ọwọ́ sí ìdérí. Ó fà á padà. Gbogbo wọn ló rí i.

Pásítọ̀ fi òòlù onígi kan èèkàn náà jáde. Ọ̀pá ìdábùú yọ. Wọ́n tan fìtílà sí i.

Ẹsẹ̀ ẹyẹ kò sí níbẹ̀.

Àmì mìíràn ló wà níbẹ̀. Ìlà roboto kan tí kò pé, tí ìlà gbọọrọ kan gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ìlà kúkúrú méjì sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe tuntun. Inú rẹ̀ ti dúdú, etí rẹ̀ ti yọ̀, bí ohun tí ìka ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọwọ́ bà láti ayébáyé.

Oddvar rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrú. "Ẹ ò rí i?" ó wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní kí wọ́n rí.

Ragnfrid kò gbọ́ ọ. Ó ti gbé ọwọ́ lé pákó. Ojú àáké rẹ̀ ní eyín kékeré kan tó ti ká; gbogbo ibi tó bá bà ló ń fi ìlà tín-ín-rín sí. Ó wá ìlà náà. Ó wá a níwájú, ó wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá a lẹ́yìn. Kò sí. Ó wá fi ìka tọ ipa àáké, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un tọ̀. Ó dá ìka dúró.

"Kí ni?" pásítọ̀ bi í jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ òsì ni."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ipa àáké náà dojú kọ òdì. Alọ́wọ́-òsì ló gbẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀." Ó wo Oddvar. Ọ̀tún ni Oddvar ń lò. Òun náà, ọ̀tún ló ń lò. "Kì í ṣe tèmi."

Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn ún jù. Oddvar ti gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, Ragnfrid sì rò pé igi ń gbèjà òun. Igi náà tún ti dà á.

Ní aago mẹ́rin, tí ilẹ̀ ti ṣú, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oddvar ni. Kò wọ fìlà. Kò gbìyànjú láti wọlé.

"Ìwọ lo ṣe é," ó wí.

Ragnfrid di ilẹ̀kùn mú.

"Nígbà tí mo gbé e dé, pásítọ̀ ló rò pé èjìká rẹ ni kò jẹ́ kó o ṣe é, pé èmi ni mo ṣe é dípò rẹ. Mo fẹ́ sọ fún un. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bọ̀ mí lọ́wọ́ báyẹn láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti lọ. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, mo lọ gbé irin sínú iná."

"Sọ fún wọn, Oddvar."

"Mo fẹ́ sọ."

"Lọ sọ ọ́."

Ó wo ilẹ̀. Yìnyín ń bọ́ sí i lórí, kò gbọ̀n ọ́n.

"Kí ni kí n sọ? Pé mo jí àpótí rẹ? Ìwọ fúnra rẹ sọ níwájú wọn pé kì í ṣe tìrẹ."

Wọ́n wo ara wọn. Ragnfrid rí i pé ẹkún ló wà lójú rẹ̀, pé òtítọ́ ló ń sọ, pé òtítọ́ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò tì í mọ́ ọn lójú o. Ó kàn tì í.

Pásítọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí náà kúrò. Ká tiẹ̀ ní ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣeé ṣe. Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́fà gbìyànjú ní ìgbà ìrúwé, kò mì. Wọ́n fi okùn wọn pákó rẹ̀: kò fẹ́lẹ́ sí i. Eérún tí Gjertrud ti gbá lábẹ́ rẹ̀ kún àpò tó ogún. Kò fi dáná. Ó kó wọn sí ilé agogo, ó sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Oddvar ń lọ sí ìjọ míì, lẹ́yìn òkè. Ragnfrid kò lọ ibì kankan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago méjì, ó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ àpótí náà jù, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ohùn ọ̀bẹ á bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò ní ìkánjú.

Lọ́jọ́ kan, ó bi í. Kò yíjú.

"Ṣé ó fìgbà kan jẹ́ tèmi?"

Ọ̀bẹ dúró.

Ó dúró dè é. Ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Òtútù gba òkúta ilẹ̀ gun dé ẹsẹ̀ rẹ̀, dé orúnkún. Kò mira.

Lẹ́yìn náà, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó dé dúró, bí ẹni tí wọn kò bi ní nǹkan kan.