Àwọn Tó Ti Lọ

Àpò ìrẹsì ni Kọ́lápọ̀ gbé wọ ṣọ́ọ̀bù Àrínọlá ní Ayégbajú-Èkìtì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Àrínọlá rò pé ó ṣìnà ni, nítorí ìwé ni òun ń tẹ̀, fọ́tò ni òun ń yọ nínú fóònù fún àwọn èèyàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí, ó sì da àpò náà sórí tábìlì. Fóònù àtijọ́ àti káàdì mẹ́mórì ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tí ìdérí rẹ̀ ti là. "Fọ́tò ilé wa ló wà nínú gbogbo èyí. Bàbá mi ló ya púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó kú. Mọ́mì mi fẹ́ máa rí wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó rí wúruwùru bí orí tí wọn ò yà."

Àrínọlá kò gbójú sókè. Ojú máa ń tì í bí àjèjì bá ń wò ó. "Ṣé ẹ lè fi sílẹ̀?"

"Tí mo bá fi sílẹ̀, ta ni yóò sọ fún yín pé lágbájá nìyí, tàmẹ̀dò nìyẹn?"

Bí Kọ́lápọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ti Ọ̀tùn wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, òun á máa dárúkọ, Àrínọlá á máa tò.

"Kí ni ìyàtọ̀ fódà àti álíbọ́ọ̀mù gan-an?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Fódà ni ilé tí fọ́tò ń sùn, ilé kan ṣoṣo ló sì ní. Álíbọ́ọ̀mù dà bí orúkọ. Ìyá bàbá lè pe ọmọ ní Àjíkẹ́, kí ìyá ìyá pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kan náà ni. Fọ́tò yìí lè wà nínú álíbọ́ọ̀mù Kérésìmesì, kó tún wà nínú ti Bàbá. Kò kúrò nílé rẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Èwo lẹ fi mí sí?"

"Ti àwọn tó ń yọ èèyàn lẹ́nu níbi iṣẹ́, Bọ̀dá Kọ́lá."

Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ni bọ̀dá rẹ? Ìgbà wo ni mo dàgbà?"

Àrínọlá fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Nínú fọ́tò, ó ti rí i níbi tó ti ń rákò, ó rí i níbi tí eyín rẹ̀ ti ká, ó rí i nínú aṣọ akọrin Áńgílíkà tó tóbi jù ú lọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà Àrínọlá nìkan ló ń bá a gbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ kó parí ni ìwé Kánádà Kọ́lápọ̀ jáde.

"Àrín mi," ó wí, "mo fẹ́ fẹ́ ọ. Tí mo bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún, màá ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé wàá dúró?"

"Ìdúró ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù."

Kọ́lápọ̀ mú un lọ fi han ìyá rẹ̀, Màmá Florence. Ìyá náà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Mi ò mọ ohun tó ń rò." Ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Kọ́lápọ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ wá ń gùn. Àrínọlá á ti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sínú rẹ̀, á máa wo àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Kọ́lápọ̀ pè é. "Olólùfẹ́ mi, ṣé o lè bá Mọ́mì ṣe álíbọ́ọ̀mù àwa ọmọ tá a ti lọ? Èmi, Túndé, Ayọ̀bámi. Kí wọ́n lè máa rí wa pa pọ̀."

Inú Àrínọlá dùn. Ó yan èyí tó wù ú jù síwájú: Kọ́lápọ̀ ń rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ dúró tì í. Ó kọ orúkọ sókè: *Àwọn Tó Ti Lọ*. Ó ti so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ fóònù Màmá Florence lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló sì jáde níbẹ̀ ní Ọ̀tùn.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Àrínọlá! Kí lọmọ mi fi ṣe ọ́? Túndé ń bẹ láàyè n'Íbàdàn! Ayọ̀bámi ń bẹ láàyè l'Ékòó! Kọ́lá ń bẹ láàyè! O wá tò wọ́n ti bàbá wọn tó wà nínú ilẹ̀, o ní wọ́n ti lọ! Lójú àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n ti bá mi kà á sókè!"

"Mà, mi ò..."

Dípò kó sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sá lọ sórí kọ̀ǹpútà, ó pa álíbọ́ọ̀mù náà rẹ́.

"Yéè! Ó tún ti nù wọ́n kúrò!"

Kò sí fọ́tò kankan tó sọnù. Gbogbo wọn wà ní fódà wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá tí àyà rẹ̀ já?

"Àrín," Kọ́lápọ̀ wí lálẹ́, "Mọ́mì ní àwọn ò lè gba ẹni tó sin ọmọ àwọn láàyè. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Bá wọn sọ̀rọ̀."

"Mi ò mọ ohun tí màá sọ."

"Mi ò lè gbé ìyàwó lẹ́yìn ìyá mi." Ó mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìpè rẹ̀ ń dín kù bí omi kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá àgbà ló rí i tó ń sunkún nídìí ààrò. "Ulé yìí ni wàá jókòó sí? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dìde."

Màmá Florence ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Àrínọlá dé Ọ̀tùn. "Ta ló ní kóo wá?"

Àrínọlá kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, mà, lẹ́yìn náà kí ẹ lé mi. Mo kéré tí ìyá mi fi lọ sí Líbíà. A ò gbúròó wọn mọ́. Tí mo bá bi ìyá mi àgbà pé wọ́n dà, wọ́n á ní, 'Ó ti lọ.' Wọn kì í fi nǹkan kan kún un. Nílé tiwa, mà, ẹni tó ti lọ kọ́ ló kú. Ẹni tó ti lọ là ń retí. Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo kọ. Fọ́tò yẹn sì rèé, ojú Kọ́lá ni mò ń wò. Mi ò tiẹ̀ rántí pé Bàbá dúró níbẹ̀."

Ẹ̀wà ń bọ́ ní ìka ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ojú Kọ́lá nìkan lò ń wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò tiẹ̀ tijú." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èmi náà, ojú rẹ̀ ni mò ń wò nínú ulé yìí. Èmi nìkan àti ògiri." Ó na fóònù sí i. "Dá wọn padà. Àmọ́ kọ ọ́ pé *Àwọn Tó Ń Bọ̀*. Ìyá tìrẹ ńkọ́? O ní fọ́tò wọn?"

"Ọ̀kan, mà. Ó ti ṣá."

"Fi wọ́n sí i."

Àrínọlá sunkún lórí ẹsẹ̀ ìyá náà, ìyá náà kò sì lé e dànù.

Nígbà tí ìdána tó, Kọ́lápọ̀ kò rí àyè wá sílé. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ jókòó, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ tó wà lẹ́yìn odi. "Ìwọ lo mọ fọ́tò wa," ni Màmá Florence wí. "Ìwọ ni kóo yàn." Àrínọlá yan èyí tí ẹnu Kọ́lápọ̀ ti là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn.

Wọ́n gbé férémù náà sórí àga ní yàrá ìyá àgbà. Ohùn Kọ́lápọ̀ jáde lórí fóònù, "Àrín mi, ṣé ò ń gbọ́...," nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé e. Wọ́n fún Àrínọlá ní fìlà kó dé e sórí férémù ọkọ rẹ̀. Fìlà náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi orí ọmọ mi sílẹ̀ o," ni Màmá Florence wí, "bí orí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

Àrínọlá tún un dé. Ó fi ọwọ́ dì í mú kó má bàa bọ́ mọ́. Àdúrà àwọn àgbà gùn lọ́jọ́ náà. Dígí férémù náà tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.