Ṣé Ẹnì Kan Náà Ni Wọ́n?

Mi ò fi ohunkóhun kún ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù fótò náà ṣì wà ní Ìdímù, búrẹ́dì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ó ṣojú èèyàn mẹ́rin, wọ́n sì wà láyé. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọdún 2018 ni, nígbà òjò. Akínbọ́lá, ọmọ Èkìtì kan tó ń ya fótò, tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀, kọ̀ǹpútà ní kó dúró ná. Ọ́pídéètì ti wọlé sí i. Àwọn àmì tín-tìn-tín ń yí po lójú rẹ̀ bí eṣinṣin tó ń yí ọsàn jíjẹrà po. Dátà tó rà ti bá a lọ. Ó jókòó, ó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n.

Nígbà tó ṣí tán, ohun gbogbo ti yàtọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú sí i. Lẹ́tà ti di tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó ń kó fótò sí sì ti ní nǹkan tuntun: orí èèyàn, orí roboto-roboto, wọ́n tò lọ bí ẹyin nínú kéréètì. Ẹ̀rọ náà ti wo gbogbo fótò tó ti yà láti ọdún gbọọrọ. Ó ti ṣa ojú wọn jọ, ojú oníkálukú sí àyè tirẹ̀.

Sìdíkátù, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yọjú wọlé.

“Bọ̀dá Akin, kí lẹ̀ ń wò tí ẹnu yín là sílẹ̀ báyìí?”

“Wá wo ara ẹ.”

Ó tẹ orí Sìdíkátù. Fótò Sìdíkátù tú jáde: ti ìgbà tó ṣì tín-ín-rín, ti ìsọmọlórúkọ, àní ti ọjọ́ tí gèlè bo ojú rẹ̀ dé imú.

“Yéè! Ó dá mi mọ̀ nínú gèlè yìí? Ọkọ mi gan-an kọjá lára mi lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé èmi ni!”

“Ó mọ̀ jàre. Ó ń sá ni.”

“Ọlọ́run á mú yín, Bọ̀dá Akin!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú. Òjò kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti dé, òun àti òórùn ààtàn tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà Ìgàndó. Ìgbà náà ni Àdíját wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Kẹ́hìndé. Pásípọ́ọ̀tù tí ọmọ náà yà fún iléèwé ni wọ́n wá gbà. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Hijáàbù rẹ̀ wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú.

“Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ mà. Pásípọ́ọ̀tù ti wà nílẹ̀.”

Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. A kì í sọ pé ìbejì kú. Táíwò rìnrìn àjò ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí. Ibà ló mú un lọ. Òun àti ìkejì rẹ̀ kò tíì ya fótò pọ̀ rí. Ìyá wọn wá ṣe ohun tí àwọn ìyá ìbejì máa ń ṣe. Ó mú Kẹ́hìndé wá, Akínbọ́lá yà á ní apá òsì àga, ó tún yà á ní apá ọ̀tún, ó wá lẹ méjèèjì pọ̀. Ọmọ méjì jókòó sórí àga kan, ìka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Fótò yẹn ló wà ní pálọ̀ Àdíját. Àlejò tí kò mọ̀ á ní, “Àwọn ìbejì yìí mà jọra o.” Àdíját á ní, “Wọ́n jọra.”

“Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo idán!” ni Sìdíkátù wí. “Bọ̀dá Akin, ẹ wá Kẹ́hìndé jáde fún wọn.”

Akínbọ́lá ń wá a. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dúró.

Orí Kẹ́hìndé jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà níhìn-ín, ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ wọn. Ó kà á fún Àdíját ní Yorùbá.

“Ó ní, ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.”

“Ẹ ò rí i?” ni Sìdíkátù wí. “Ó mọ èmi nínú gèlè, kò wá mọ ọmọ tí kò fi nǹkan kan bojú.”

Akínbọ́lá tẹ orí àkọ́kọ́. Kẹ́hìndé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé. Kẹ́hìndé nígbà Iléyá. Ó parí sí apá òsì fótò àga yẹn. Kò sí òmíràn mọ́.

Ó tẹ ìkejì. Apá ọ̀tún fótò náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Iléyá èṣín tẹ̀ lé e. Àríyá iléèwé tẹ̀ lé e. Pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n wá gbà ló kẹ́yìn.

“Kí ló túmọ̀ sí?” Àdíját béèrè.

“Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, mà. Ẹ̀rọ ni.”

Ṣùgbọ́n ó ń fa fótò náà tóbi. Nígbà tí Kẹ́hìndé ń kọ́ ìrìn, ó forí gbá etí ilẹ̀kùn, àpá rẹ̀ wà lókè ojú òsì. Ní apá òsì fótò, àpá náà wà. Ní apá ọ̀tún, ojú náà dán.

“Bóyá ẹ fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò,” ni Sìdíkátù wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Mi ò nù ún. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo yà. Mi ò jẹ́ kó lọ mu omi pàápàá láàárín méjèèjì.”

Wọ́n mú iná lọ. Fáànù rọra dúró. Bátìrì gbé kọ̀ǹpútà ró, ojú méjèèjì ń tàn nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìró kankan àfi ẹ̀pà tí ọmọ náà ń rún lẹ́nu ọ̀nà. Kùrù. Kùrù.

Àdíját lọ bá a. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ hijáàbù. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn lókè ojú òsì ọmọ náà, ó lọ, ó bọ̀. Ó sì fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

“Àpá máa ń parẹ́ lára ọmọdé, mà,” ni Akínbọ́lá wí.

Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ jẹ́ kí n tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ parí.”

“Ẹ má tẹ̀ ẹ́!”

Igbe náà mú Sìdíkátù fò sẹ́yìn.

“Ẹ fẹ́ sọ fún ìkejì pé kò sí?” Àdíját ti padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó di ọwọ́ Akínbọ́lá mú. “Létí rẹ̀?”

“Kí n wá tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Obìnrin náà wo ojú méjèèjì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

“Tí ẹ bá tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni mo ń fún lóúnjẹ láti ọjọ́ yìí wá? Ibo ni èyí tó kù wà?”

Òjò já lulẹ̀. Atẹ́gùn gba ọ̀rá ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọ náà, ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ó fo gọ́tà. Ó bọ́ sójú títì. Ọ̀rá náà ló ń wò, kò wo ọkọ̀ akólẹ̀ ńlá tó ń sáré bọ̀, tí iná rẹ̀ pọ́n nínú òjò.

Àdíját la ẹnu. Ó fẹ́ pè é. Kò mọ èyí tí yóò pè. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí orúkọ tó jáde.

“Kẹ́hìndé!” Sìdíkátù pariwo. “Kẹ́hìndé o!”

Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Bóyá òjò ni kò jẹ́ kó gbọ́.

“Ọmọ mi!” ni Àdíját ké.

Ọmọ náà dúró gbagidi. Ọkọ̀ náà gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó da omi ẹlẹ́rẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó yí padà. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

Àdíját sáré lọ gbé e. Kò padà wá gba pásípọ́ọ̀tù. Akínbọ́lá kó kúrò ní Ìdímù kí ọdún náà tó parí. Kò tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìyá Ìbejì ṣì wà ládùúgbò. Tí ẹ bá gba ojú ilé rẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ tó ń pe ọmọ náà wọlé. Kì í dárúkọ. “Ọmọ mi” ló ń pè é.

Ọmọ náà á sì dáhùn.