Oko Ràmọ́nì

Ọkọ́ ló mú wa pàdé. Lọ́dún 1987, ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí níbi tí mo ti ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, ọmọbìnrin kan tiro wá sójú fèrèsé mi, ó fi gèlè di ẹsẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọkọ́ ló ṣá mi lẹ́sẹ̀, bùọ̀dá. Àwáwù lorúkọ mi."

"Níbo lò ń gbé?"

"Oko Ràmọ́nì, lẹ́yìn Ogbooro. Ràmọ́nì ló ni ilẹ̀, bàbá mi ń dáko níbẹ̀."

"Ọkọ́ ṣá ọ, oko lo ti wá. Ọkọ ńkọ́?"

Ó wò mí látòkèdélẹ̀. "Ṣé káàdì ló ń bèèrè ìyẹn, àbí ẹ̀yin?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo kọ Oko Ràmọ́nì sórí káàdì rẹ̀. Níbi tó gba àmì, mo fi àmì sí i. Níbi tí kò gbà á, n kò fi sí i. Bàbá mi tó kọ́ mi níwèé nílé máa ń sọ pé ẹni tó kọ orúkọ láìbìkítà fún àmì ti sọ ọmọ ọlọ́mọ nù.

Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ Àwáwù kò yéé wá kí mi lọ́jọ́ ọjà. Mo ń kì í: "Àníkẹ́ mi, arẹwà tó ń tiro tí gbogbo ọjà ń yà fún."

Á ní, "Ẹsẹ̀ mi ti jinná o. Ẹ yí oríkì yín padà."

Kó tó pé ọdún kan, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára débi pé orúkọ rẹ̀ ló ń ṣáájú tèmi nínú àdúrà mi. Bàbá rẹ̀ gbà. Ó ku kí ẹbí mi ṣe ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí a kó gbogbo káàdì sínú rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, fún oṣù márùn-ún gbáko. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá wa.

"Ládòkun," ó ní, "oògùn ni wọ́n ń wá níbí, wọn ò wá ewì."

Bí mo ti parí, wọ́n dáná sun àwọn káàdì lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Jímọ̀, wá ṣe ìwádìí rẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò sí níbi iṣẹ́. Festus, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde fún un láti inú kọ̀ǹpútà. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Jímọ̀ nà án sí mi: AWAWU. OKO RAMONI. OGBOORO.

"Ràmọ́nì lọkọ rẹ̀. A kì í so yìgì lórí yìgì ẹlòmíràn, ọmọ mi."

Bí Bàbá Jímọ̀ ṣe ka ìwé náà ni èmi náà ṣe kà á. Owú gùn mí, mo gun alùpùpù, ó di Ogbooro. Àwáwù ń gé èbù iṣu lọ́wọ́.

"Àníkẹ́, ṣé òótọ́ ni pé Ràmọ́nì lọkọ rẹ?"

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó kà á.

"Oko ni, Ládòkun." Kò pè mí ní bùọ̀dá mọ́. "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Ìwọ náà lo fi í dápàárá fún mi."



Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Jímọ̀ fúnra rẹ̀ bá mi lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ṣí fìlà. Àwáwù kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un.

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ mí, ìwé lẹ kà. Ẹni tó mọ̀ mí ló bi mí léèrè. Bí mo bá wọlé rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò máa gbé wá bi mí."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

Ọyẹ́ kò tíì parí tí wọ́n fi so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú àgbẹ̀ kan ní Ìgbòho. Ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ni Bàbá Jímọ̀ ti sọ ọ́ fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ọlọ́run á fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ fún ọ."

Mo ní àmín. Òun ni àmín àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi tí mo ń bẹ Ọlọ́run kó má gbà.